Ẹni tí kò fọwọ́ kan ọpọlọ rí: kí la fi ń wọn iṣẹ́ rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìṣirò ni mò ń kà ní yunifásítì, ó sì ń wù mí kí n lọ sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń fi ìṣirò àti kọ̀ǹpútà wádìí ọpọlọ. Mo lọ wo ìtàn iṣẹ́ onímọ̀ kan tó gbajúmọ̀ níbẹ̀. Ìtọ́kasí rẹ̀, ìyẹn iye ìgbà tí ìwé àwọn ẹlòmíràn dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀, lé ní 60,000, h-index rẹ̀, nọ́ńbà kan tí wọ́n fi ń wọn onímọ̀, ju 100 lọ, àmọ́ n kò rí i níbì kankan pé ó fọwọ́ kan ọpọlọ ẹranko rí. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ka bàọ́lọ́jì ní ẹ̀fẹ̀ lásán ni wọ́n ń ṣe lórí àga, pé àwọn tó wà ní yàrá ìwádìí ló ń ṣiṣẹ́ gidi. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ayé rẹ̀ ṣe wúwo lóòótọ́?

Ìdáhùn: Ọ̀rẹ́ yín kò parọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa, orí àga la ń wà láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ohun tó fojú fò ni pé ẹni tó wà ní yàrá ìwádìí kì í ṣàdédé mọ ohun tí yóò wá. Ọpọlọ tóbi, wáyà tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ kéré, ibi tí èèyàn sì lè wò kò lóǹkà. Ẹnìkan ní láti sọ pé ibí ni kí ẹ wò, ohun tí ẹ máa rí rèé, bí ẹ kò bá rí i, a jẹ́ pé mo ṣì í. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń wọn onímọ̀ ìṣirò ọpọlọ: lẹ́yìn tó ṣe ìṣirò rẹ̀ tán, ta ló tìtorí rẹ̀ gbé irinṣẹ́ lọ wo ohun tí kì bá tí wò? Tí ẹ bá rí ẹni bẹ́ẹ̀, iye ìtọ́kasí di àfikún. Tí ẹ kò bá rí i, 60,000 yẹn kò tíì sọ nǹkan kan fún yín.

Ibi tí ìdí ẹ̀ka yìí ti fìdí múlẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1939, Alan Hodgkin àti Andrew Huxley, àwọn ará Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ki wáyà tín-ín-rín bọ inú iṣan kan tó ń gbé ìròyìn lára squid, ẹran inú òkun, ní ilé ìwádìí tó wà ní Plymouth. Iṣan squid yìí nípọn ju ti ọ̀pọ̀ ẹranko lọ fíìfíì, ìdí nìyẹn tí wáyà fi lè gba inú rẹ̀. Ogun àgbáyé dé, iṣẹ́ dúró. Nígbà tí wọ́n padà sí i, wọ́n wọn iná mànàmáná tí sodium, èròjà kan nínú ara, ń gbé gba ara iṣan náà wọlé, wọ́n sì wọn èyí tí potassium, èròjà mìíràn, ń gbé jáde lọ́tọ̀. Nínú ọ̀wọ́ ìwé ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 1952, èyí tó kẹ́yìn ló kó gbogbo rẹ̀ sínú ìdọ́gba mẹ́rin. Kọ̀ǹpútà Cambridge kò ṣeé lò lákòókò náà, ẹ̀rọ ìṣirò tí wọ́n ń fọwọ́ yí ni Huxley fi yanjú wọn, tó ń yí i láti ìgbésẹ̀ kékeré kan dé òmíràn.

Ẹ wo ohun tó ti inú rẹ̀ jáde dáadáa. Nígbà tí wọ́n ń wọn sodium àti potassium, wọ́n dá iṣan náà dúró lójú kan kí iná má baà rìn lára rẹ̀. Huxley wá fi ohun tí wọ́n wọ̀n báyìí ṣírò bí iná yóò ṣe yára tó bí wọ́n bá jẹ́ kó rìn. Ìṣirò ní mítà 18.8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lára iṣan gan-an, ó jẹ́ mítà 21.2. Ẹni tó bá ń wò ó láti òkèèrè lè ní wọn kò bára mu. Àwa tó mọ iṣẹ́ náà mọ̀ pé ohun ìyanu ni, torí kò sí nọ́ńbà kan nínú ìdọ́gba náà tí wọ́n tún rọ kí eré náà lè bá a mu.

Èyí tó tún ṣe mí ní kàyééfì jù ú lọ ni ti potassium. Kí ìlà ìṣirò tó lè bá ìlà tí wọ́n wọ̀n mu, wọ́n ní láti fi nọ́ńbà kan, tí wọ́n pè ní n, sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ báyìí: n × n × n × n. Ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé ó dà bí ẹni pé nǹkan mẹ́rin ní láti sún kúrò ní àyè wọn kí ọ̀nà, ìyẹn ihò kékeré tó wà lára sẹ́ẹ̀lì, tó ṣí fún potassium. Wọn kò fojú rí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí i nígbà náà. Àwọn gan-an kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi ìdọ́gba náà rin jìnnà jù. Ní 1976, Erwin Neher àti Bert Sakmann wọn iná tó ń gba inú ẹyọ ihò kan ṣoṣo lára sẹ́ẹ̀lì. Ní 1998, Roderick MacKinnon àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwòrán ọ̀nà potassium láti ara bakitéríà hàn: ẹ̀yà mẹ́rin tó jọra ni, wọ́n yí ihò kan ká. Ìṣirò ti dé ibẹ̀ ní ọdún 46 ṣáájú ojú. Ẹ̀bùn Nobel tẹ̀ lé gbogbo wọn, ti Hodgkin àti Huxley ní 1963, ti Neher àti Sakmann ní 1991, ti MacKinnon ní 2003.

Ọ̀rẹ́ yín lè ní ṣebí àwọn méjì àkọ́kọ́ yẹn, Hodgkin àti Huxley, fọwọ́ kan iṣan. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ bá ẹni tí kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Tí a bá fi iye ìwé wọn David Marr, kò kún ọwọ́. Wọ́n bí i ní 1945, ó ka ìṣirò ní Trinity College ní Cambridge, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ sì pa á ní oṣù kọkànlá 1980, ẹni ọdún 35 péré. Láàárín 1969 sí 1971, ó kọ ìwé ìwádìí ńlá mẹ́ta lórí apá ọpọlọ mẹ́ta. Àkọ́kọ́ dá lórí cerebellum, èyí tó wà lẹ́yìn orí nísàlẹ̀, tó ń tọ́ ìrìn wa àti ìṣe ọwọ́ wa sọ́nà. Ó kéré lójú, àmọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì iṣan bíi bílíọ̀nù 86 tó wà nínú ọpọlọ ènìyàn, nǹkan bí bílíọ̀nù 69 ló wà níbẹ̀.

Àwọn onímáíkíròsíkóòpù ti mọ bí nǹkan ṣe tò níbẹ̀. John Eccles, Masao Ito àti János Szentágothai ti kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú ìwé kan ní 1967. Sẹ́ẹ̀lì ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Purkinje. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ìròyìn wá bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè ju 100,000 lọ. Okùn mìíràn tún wà, èyí tó jẹ́ pé ẹyọ kan péré ló ń dé ọ̀dọ̀ Purkinje kọ̀ọ̀kan, tó sì ń gun ara rẹ̀ yí ká, tó ń fi ara kàn án ní ibi púpọ̀. Gbogbo wọn rí i. Ohun tí kò yé wọn ni ìdí tí sẹ́ẹ̀lì kan fi ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláròyé lápá kan, tó tún ní ẹyọ ẹnìkan ṣoṣo tí ohùn rẹ̀ bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀ lápá kejì.

Marr ní olùkọ́ ni ẹyọ kan yẹn. Bí ó bá dún nígbà tí díẹ̀ nínú àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún náà ń dún, ìsopọ̀ àwọn wọ̀nyẹn mọ́ Purkinje á yí padà, ìyípadà náà ò sì ní kúrò ní kíá. Bẹ́ẹ̀ ni ara ṣe ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ó wá sọ ohun tí wọ́n lè yẹ̀ wò: ìsopọ̀ náà á máa lágbára sí i. Ní 1971, James Albus, ẹnjiníà tó wà ní NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, nígbà náà, gbé àbá tó fara jọ ọ́ jáde, àmọ́ ó ní rárá, ṣe ni ìsopọ̀ náà á máa rọ̀. Àwọn méjèèjì kò lè jàre.

Ní 1982, Ito àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Japan ta àwọn okùn méjèèjì jí pọ̀, wọ́n sì wọn ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìsopọ̀ náà rọ̀. Albus ló jàre. Marr ti kú nígbà náà.

Bí ẹ bá ń ka ìtàn iṣẹ́ Marr bí ẹni ń ka èsì ìdánwò, ẹ máa ní ó gba òdo. Àwa kò kà á bẹ́ẹ̀. Títí dòní, orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la fi ń pe àbá náà. Ìdí ni pé ohun tó ṣòro gan-an ni láti rí i pé okùn kan ṣoṣo yẹn lè jẹ́ olùkọ́, àti pé ibi ìsopọ̀ ni kí a ti lọ wá ẹ̀kọ́. Nígbà tí ìyẹn ti dúró, bóyá ó ń lágbára tàbí ó ń rọ̀ di ohun tí wáyà lè dáhùn. Àríyànjiyàn ṣì wà títí di ìsinsìnyí lórí bóyá ìsopọ̀ yìí nìkan ni ẹ̀kọ́ ń gbé, ọ̀pọ̀ ló sì gbà pé ibòmíràn wà nínú cerebellum tó ń kópa. Àmọ́ orí pápá tí Marr là ni wọ́n ti ń jà á.

Ìwé kẹta, ti 1971, dá lórí hippocampus, apá tí ìrántí ń gbà kọjá. Marr ní bí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan bá so mọ́ ara wọn dáadáa, èèyàn lè mú díẹ̀ nínú ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ wá, kí wọ́n parí ìyókù fún un. John Hopfield, tó jẹ́ onímọ̀ físíìsì, gbé ìṣirò irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ lọ́nà tó mọ́ kedere ní 1982, iṣẹ́ yẹn sì wà lára ohun tó mú kí òun àti Geoffrey Hinton jọ gba Ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì ní 2024. Ìdánwò lára ẹranko dé ní 2002, láti yàrá ìwádìí Susumu Tonegawa ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà. Wọ́n yí eku padà kí ẹ̀yà kan tí ẹ̀kọ́ nílò má sí níbi ìsopọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì CA3, apá hippocampus tí wọ́n ti so mọ́ ara wọn jù. Wọ́n kọ́ àwọn eku náà láti lúwẹ̀ẹ́ lọ sórí pèpéle tó fara pamọ́ sábẹ́ omi, wọ́n sì gbé àmì mẹ́rin kọ́ yí omi náà ká. Pẹ̀lú àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn eku náà rí ọ̀nà bí eku yòókù. Nígbà tí wọ́n mú mẹ́ta kúrò tó ku ẹyọ kan, àwọn eku yòókù ṣì ń rí ọ̀nà, àwọn wọ̀nyí sì ń rìn gbéregbère. Wọn kò lè fi díẹ̀ parí ìyókù mọ́.

Ní 1973 ni Marr kó lọ sí MIT, ó sì yíjú sí bí ojú ṣe ń ríran. Níbẹ̀ ló ti ń tẹnu mọ́ ọn pé ìbéèrè mẹ́ta ló wà lórí ohunkóhun tí ọpọlọ ń ṣe: kí ló ń ṣírò, ọ̀nà wo ló ń gbà ṣírò rẹ̀, kí ló sì fi ń ṣe é nínú ara. Ó ní ẹni tó fẹ́ mọ bí ẹyẹ ṣe ń fò kò lè máa wo ìyẹ́ nìkan. Ìwé tó fi ṣàlàyé rẹ̀ jáde ní 1982, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka yìí tí kò mọ ìbéèrè mẹ́ta yẹn, ìbáà jẹ́ ẹni tó ń tako ọ̀nà tí Marr gbà pín wọn.

Iṣẹ́ irú èyí tún ń gba ọ̀nà mìíràn, ìyẹn ni kí ẹnìkan wá túmọ̀ ohun tó ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Wolfram Schultz, ní Fribourg ní Switzerland, ń gba ohùn sẹ́ẹ̀lì dopamine, àwọn tó ń fi èròjà tí wọ́n ń pè ní dopamine ránṣẹ́, nínú ọpọlọ ọ̀bọ sílẹ̀. Bó bá ṣàdédé kán omi èso sí ọ̀bọ lẹ́nu, sẹ́ẹ̀lì náà á ta kìjí. Bí àmì kan bá ń ṣáájú omi èso lójoojúmọ́, tó bá yá, orí àmì náà ni sẹ́ẹ̀lì á ti ta kìjí. Tí omi èso bá wá dé, kò jọ ọ́ lójú mọ́. Bí àmì bá dé tí omi èso kò tẹ̀ lé e, sẹ́ẹ̀lì náà á dákẹ́ ní àkókò gan-an tó yẹ kí omi èso dé. Peter Dayan àti Read Montague, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Terrence Sejnowski ní ilé ìwádìí Salk ní California, mọ ìṣirò kan tí Richard Sutton àti Andrew Barto ṣe fún ẹ̀rọ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́: kí ẹ̀rọ fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tó ń retí àti ohun tó rí tún ara rẹ̀ ṣe. Wọ́n wo àkọsílẹ̀ Schultz, wọ́n sì rí i pé ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni sẹ́ẹ̀lì ń kà jáde. Ìwé tí Schultz, Dayan àti Montague jọ kọ nínú Science, ìwé àtìgbàdégbà fún ìwádìí, ní 1997 ló gbé e dé gbogbo ayé. Ní 2013, àwọn mìíràn fi ìmọ́lẹ̀ ta sẹ́ẹ̀lì dopamine eku jí ní àkókò tí kò yẹ kí ó dún, eku náà sì kọ́ ẹ̀kọ́ tí kì bá tí kọ́. Láti ìgbà náà lọ, kì í ṣe pé nǹkan méjì kàn ń rìn pọ̀ mọ́.

Ní ti nọ́ńbà tí ẹ rí, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì, ló dá h-index sílẹ̀ ní 2005. Bí h-index ẹnìkan bá jẹ́ 40, ó ní ìwé ìwádìí 40 tí wọ́n ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìgbà 40 ó kéré tán. Ẹ rí i pé ẹni tó kọ ìwé mẹ́rin péré kò lè kọjá 4 láéláé, bí gbogbo ayé tilẹ̀ ń ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ń san ẹ̀san fún ẹni tó pẹ́ láyé tó sì ń kọ púpọ̀. Marr kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ìtọ́kasí náà kì í ṣe irú kan. Karl Friston ti University College London wà lára àwọn tí wọ́n ń tọ́ka sí jù nínú ìmọ̀ ọpọlọ. Apá kan nínú rẹ̀ wá láti ara SPM, ètò kọ̀ǹpútà fún kíka àwòrán ọpọlọ. Ẹni tó bá lò ó ní láti dárúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, ó sì ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Àmọ́ ó yàtọ̀ sí ìtọ́kasí tó ń lọ sí àbá rẹ̀ lórí bí ọpọlọ ṣe ń dín ìyàlẹ́nu kù, èyí tí ọ̀pọ̀ ṣì ń bá a jiyàn lórí bóyá ó ṣeé já nírọ́ rárá. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀. Ní òdìkejì, ìdọ́gba Hodgkin àti Huxley ti wọ inú iṣẹ́ wa débi pé ọ̀pọ̀ ń lò ó láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

Owó ńlá náà kì í ṣe ẹ̀rí. Human Brain Project ti Yúróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013 tó sì parí ní 2023, gba owó rẹpẹtẹ lórí ìrètí pé wọn yóò ṣe ẹ̀dà ọpọlọ ènìyàn sórí kọ̀ǹpútà. Kò tíì pé ọdún méjì tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún onímọ̀ ọpọlọ fi kọ lẹ́tà gbangba tako bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀. Ó fi irinṣẹ́ tó wúlò sílẹ̀, mi ò ní sẹ́ ìyẹn. Ẹ̀dà ọpọlọ ènìyàn kò sí.

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹ máa fi ṣe àwòkọ́ṣe, èmi á ní kí ẹ wo Larry Abbott. Físíìsì àwọn nǹkan tó kéré ju átọ́ọ̀mù lọ ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní yunifásítì Brandeis, nítòsí Boston, ó bá Eve Marder pàdé, ẹni tó ń wá ìdí ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì tó ń darí ikùn alákàn àti ti lobster, ẹran inú òkun tó jọ ọ́. Ní 1993, wọ́n wà lára àwọn tó gbé ọ̀nà kan jáde: kọ̀ǹpútà á wọn iná inú sẹ́ẹ̀lì alààyè, á ṣírò iye tí ì bá gba inú ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì náà kò ní, á sì tì í wọlé kíákíá. Sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni tó ní ọ̀nà náà. Ta ló ń ṣe ìṣirò, ta ló ń ṣe ìdánwò níbẹ̀? Ẹ kò lè yà wọ́n. Òun àti Sejnowski àti Haim Sompolinsky ló jọ gba Brain Prize, ẹ̀bùn ńlá fún ìwádìí ọpọlọ, ní 2024.

Marder náà, tó jẹ́ ọmọ yàrá ìwádìí, wá di ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ tó wúwo. Ní 2004, òun, Astrid Prinz àti Dirk Bucher ṣe ẹ̀dà ètò sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta tó lé ní mílíọ̀nù 20, wọ́n sì rí i pé ọ̀pọ̀ tó yàtọ̀ síra pátápátá nínú ń ṣe ohun kan náà lóde. Ìwé yẹn ló jẹ́ kí n máa wo ẹnikẹ́ni tó bá fi ìwọ̀n àárín sẹ́ẹ̀lì púpọ̀ ṣe àwòṣe tìfuratìfura.

Fún ẹni tí ẹ dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ mú ìwé rẹ̀ méjì tí wọ́n ń tọ́ka sí jù. Ẹ má ka iye, ẹ ṣí àwọn ìwé tó tọ́ka sí wọn, kí ẹ yà wọ́n: èwo ló kàn dárúkọ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, èwo ló lo irinṣẹ́ rẹ̀, èwo ló lọ sí yàrá ìwádìí láti yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Bí irú ìkẹta yìí bá tilẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, tí ọ̀kan nínú wọn sì sọ pé ó ṣì í, ẹ ti rí onímọ̀.

Ní ti ẹ̀yin fúnra yín, ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ máa rí ọ̀gá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ìdọ́gba mẹ́rin Hodgkin àti Huxley sórí kọ̀ǹpútà, gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú ìwé 1952 náà. Ẹ ti iná díẹ̀ sí i títí yóò fi ta kìjí. Lẹ́yìn náà, ẹ máa dín agbára sodium kù díẹ̀díẹ̀ títí dé ibi tí kò ní ta kìjí mọ́, kí ẹ wá kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ láìwo ìwé kankan.